Kí ni ẹgbẹ́ yín ń ṣe fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ̀kọ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn máníjà ìlú l'Amẹ́ríkà

Kò sí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ tàbí ẹgbẹ́ ọjà nílẹ̀ Yorùbá tí kò mọ ohun tó yẹ kó ṣe tí ọmọ ẹgbẹ́ bá ń ṣe ìkómọ, tàbí tí òbí rẹ̀ bá kú. Wọ́n á dáwó jọ, wọ́n á ra aṣọ ẹgbẹ́, wọ́n á sì lọ bá a ṣe é. Àmọ́ tí ọmọ ẹgbẹ́ yìí kan náà bá ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa nítorí pé owó okòwò ti tán, tàbí tí onílé lé e jáde, kì í pẹ́ tí wọn kò fi ní í rí i nípàdé mọ́. Kò rí owó ẹgbẹ́ san, ojú ń tì í, orúkọ rẹ̀ á sì bọ́ kúrò nínú ìwé. Àsìkò tó nílò ẹgbẹ́ jù lọ gan-an ni ẹgbẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí la fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí, ẹ̀yin oníṣòwò wa. Ẹgbẹ́ tá a fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ kì í ṣe ẹgbẹ́ ọlọ́jà rárá. Ẹgbẹ́ àwọn máníjà ìlú lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni. Iṣẹ́ wọn jẹ́ iṣẹ́ tó lè bọ́ lọ́wọ́ èèyàn lálẹ́ ọjọ́ kan, ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ wọn fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ọmọ ẹgbẹ́ mú títí yóò fi rí òmíràn.

TA NI MÁNÍJÀ ÌLÚ?

Máníjà ìlú kì í ṣe olóṣèlú. Àwọn ará ìlú ló ń dìbò yan ìgbìmọ̀ káńsẹ́lọ̀, àwọn káńsẹ́lọ̀ á wá gba máníjà síṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí olówó ilé iṣẹ́ ṣe máa ń gba ọ̀gá tí yóò máa bá a darí iṣẹ́. Àwọn káńsẹ́lọ̀ ló ń ṣòfin, máníjà ló ń mú un ṣẹ. Òun ló ń gbé ètò ìnáwó ọdọọdún wá síwájú wọn, tó ń gba òṣìṣẹ́, tó ń bójú tó omi, ojú ọ̀nà, ilẹ̀ kíkó àti ìwé àṣẹ tí oníṣòwò ń gbà kó tó ṣílẹ̀kùn.

Ìlú Staunton ní ìpínlẹ̀ Virginia ló kọ́kọ́ gba irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, lọ́dún 1908. Ohun tó wá jẹ́ kí òkìkí ètò náà kàn ni ti ìlú Dayton ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ní oṣù kẹta ọdún 1913, odò kún àkúnya, omi sì ba ìlú náà jẹ́ gidigidi. Nígbà tó fi máa di oṣù kìíní ọdún 1914, Dayton ti gbé àkóso ìlú lé máníjà lọ́wọ́. Lóde òní, àwọn ìlú ńlá bíi Phoenix, San Antonio àti Dallas ń lo ètò yìí, àwọn ìlú kéékèèké tó ń lò ó kò sì lóǹkà.

Lọ́dọ̀ tiwa ní Nàìjíríà, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ló wà nínú ìwé òfin ọdún 1999, tá a bá ka mẹ́fà tó wà l'Ábújá mọ́ ọn. Alága tó bá wọlé ìbò lolórí aláṣẹ. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ọ̀gá àgbà àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ ló ni ín, òun náà ló sì ń gbé e láti ìjọba ìbílẹ̀ kan lọ sí òmíràn. Tí alága kò bá fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n lè gbé e kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n owó oṣù rẹ̀ kò ní í tìtorí ìyẹn dúró. Máníjà ìlú l'Amẹ́ríkà kò ní irú àjọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé ìgbà tó bá wu àwọn káńsẹ́lọ̀ ni wọ́n lè ní kó máa lọ.

IṢẸ́ TÓ LÈ BỌ́ LÁÀÁRÍN Ọ̀SẸ̀ MÉJÌ

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Austin, olú ìlú ìpínlẹ̀ Texas. Ní ìparí oṣù kìíní ọdún 2023, yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í dà bo ìlú náà, igi wó lu wáyà iná, ọ̀pọ̀ ilé sì wà nínú òkùnkùn fún ọjọ́ mélòó kan. Inú bí àwọn ará ìlú, pàápàá nítorí pé wọn kò rí ẹni sọ ìgbà tí iná máa dé fún wọn. Lọ́jọ́ 15 oṣù kejì, mẹ́wàá nínú àwọn mọ́kànlá tó wà nínú ìgbìmọ̀ dìbò pé kí Spencer Cronk, tó ti ń ṣe máníjà ìlú náà láti ọdún 2018, máa lọ. Ẹnikẹ́ni kò sọ pé ó kówó jẹ. Ìjì dé, ìbínú dé, iṣẹ́ lọ.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ló kan Dallas. Ní oṣù kejì ọdún 2024, T.C. Broadnax tó jẹ́ máníjà níbẹ̀ kéde pé òun ń fiṣẹ́ sílẹ̀, lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn káńsẹ́lọ̀ ti dábàá pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Austin, ní ipò tí wọ́n yọ Cronk kúrò níbẹ̀. Ẹni tí ìlú kan ní kó máa lọ ni ìlú kejì gbà tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹ̀yin náà rí i pé bíbọ́ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ èèyàn kò fi hàn pé kò mọ iṣẹ́ ṣe.

Àmọ́ ẹni ńlá nìyẹn. Máníjà ìlú kékeré, tí èèyàn ibẹ̀ kò ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún lọ, kì í rí iṣẹ́ mìíràn kíákíá báyẹn. Ìlú kan kì í ní ju máníjà kan lọ. Nítorí náà, tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè sọdá títì lọ gba òmíràn. Ó ní láti kó aya àti ọmọ lọ sí ìlú mìíràn, bóyá ìpínlẹ̀ mìíràn pàápàá. Àwọn ọmọ á pààrọ̀ ilé ìwé, wọ́n á ta ilé. Ìwé ìròyìn ìlú á sì ti gbé e jáde pé wọ́n lé e. Ojú tó ń ti ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ti ṣọ́ọ̀bù pa, irú rẹ̀ náà ló ń tì wọ́n níbẹ̀.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ WỌN Ń ṢE

Oṣù kejìlá ọdún 1914 ni àwọn máníjà mẹ́jọ péré pàdé ní ìlú Springfield, ìpínlẹ̀ Ohio, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ yẹn ló di èyí tí wọ́n ń pè ní ICMA lónìí, tó ní ọmọ ẹgbẹ́ tó ju 10,000 lọ, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Washington. Ẹ jẹ́ ká wo ohun márùn-ún tí wọ́n ṣètò fún ọmọ ẹgbẹ́ tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èkíní, orúkọ rẹ̀ kì í kúrò nínú ìwé. Ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n dá dúró, tàbí tí wọ́n ní kó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, á sọ fún ẹgbẹ́, wọ́n á sì yọ̀ǹda owó ẹgbẹ́ fún un fún sáà kan. Wọ́n tún máa ń jẹ́ kó wá sí ìpàdé àpérò ọdọọdún láì san owó ìwọlé. Ẹ má fojú kéré ìyẹn o. Ibi ìpàdé yẹn làwọn tó mọ ìlú tó ń wá máníjà máa ń wà. Tí ẹgbẹ́ bá ti ìlẹ̀kùn ibẹ̀ mọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́ nítorí pé kò lówó, ibi tó ti lè rí iṣẹ́ gan-an ni wọ́n tì mọ́ ọn.

Èkejì, àgbà wà tí yóò lọ bá a. Láti ọdún 1974 ni ẹgbẹ́ yìí ti ń lo àwọn máníjà tó ti fẹ̀yìn tì láti máa bẹ àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ wò. Orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ fún wọn wá láti ara àwọn darandaran ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó máa ń gẹṣin yí pápá ká láti wo màlúù tó ṣìnà tàbí èyí tó fara pa. Àwọn àgbà yìí kì í gba owó oṣù, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sì bá èèyàn sọ kì í dé etí ẹlòmíràn. Ẹni tí wọ́n lé lánàá lè sọ tinú rẹ̀ fún ẹni tí wọ́n ti lé rí, tó tún dìde. Ó lè bi í léèrè bóun ṣe máa dáhùn tí wọ́n bá bi òun pé kí ló dé tóun fi kúrò níbi tóun wà.

Ẹ̀kẹta, iṣẹ́ adelé. Ìlú tí máníjà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ nílò ẹni tí yóò máa bá a ṣe é fún oṣù díẹ̀ kí wọ́n tó gba ojúlówó. Ẹgbẹ́ àpapọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ tó wà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń ran àwọn ìlú bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ láti rí ẹni tó ń retí iṣẹ́, kí òun náà lè máa rówó gbọ́ bùkátà, kí ọwọ́ rẹ̀ má sì kúrò nínú iṣẹ́.

Ẹ̀kẹrin, ìwé àdéhùn. Èyí ló ṣe pàtàkì jù lójú tiwa, nítorí pé kí iṣẹ́ tó bọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹgbẹ́ náà ti kọ àpẹẹrẹ ìwé àdéhùn kan tí ọmọ ẹgbẹ́ lè mú lọ síwájú káńsẹ́lọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbà á síṣẹ́. Ó wà nínú rẹ̀ pé tí wọ́n bá ní kó máa lọ láì jẹ́ pé ó hùwà ìbàjẹ́, wọ́n á san owó oṣù iye oṣù kan fún un kó fi wá nǹkan ṣe. Nítorí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ni Cronk ṣe gba owó tó tó owó oṣù ọdún kan nígbà tó kúrò ní Austin. Kì í ṣe pé wọ́n ṣàánú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó ti wà nínú ìwé tẹ́lẹ̀.

Ìkarùn-ún, owó ìfẹ̀yìntì tó ń bá èèyàn rìn. Láyé àtijọ́, máníjà tó bá lo ọdún mẹ́ta níbí, ọdún mẹ́rin lọ́hùn-ún, lè darúgbó láì ní owó ìfẹ̀yìntì gidi kan, nítorí pé kò pẹ́ tó níbì kankan. Lọ́dún 1972, wọ́n dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ lọ́tọ̀ tí yóò máa tọ́jú owó náà, bó ti wù kí ọmọ ẹgbẹ́ pààrọ̀ ìlú tó. Láti ọdún 2021, MissionSquare Retirement ni orúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi kún un pé ẹgbẹ́ yìí kì í san owó oṣù fún ẹni tí kò níṣẹ́, kì í sì í ṣèlérí iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó tún ní ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́. Láti ọdún 1924 ló ti ní òfin ìwà. Lára rẹ̀ ni pé ọmọ ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ dá sí òṣèlú àwọn káńsẹ́lọ̀ tó gbà á síṣẹ́, àti pé ó yẹ kó lo ó kéré tán ọdún méjì níbi iṣẹ́ kó tó lọ síbòmíràn, àfi tí ìdí pàtàkì bá wà. Ẹni tó bá rú òfin, ẹgbẹ́ lè bá a wí ní gbangba, wọ́n sì lè lé e. Ẹni tó pa òfin ẹgbẹ́ mọ́ nígbà tó ń jẹ ló lẹ́nu láti sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí kò jẹ.

KÍ LÓ KAN ONÍṢÒWÒ NÍBẸ̀?

Ẹnì kan lè sọ pé owó ará ìlú ni wọ́n ń fún ẹni tí wọ́n lé yẹn. Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ń sọ ọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn ìpínlẹ̀ kan fi fi òfin dè é. Ní Florida, irú owó bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju owó ọ̀sẹ̀ 20 lọ, ẹni tí wọ́n bá sì lé nítorí ìwà ìbàjẹ́ kò ní í gba kọ́bọ̀. Ní California, kò gbọ́dọ̀ ju owó oṣù 18 lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo apá kejì. Máníjà ìlú ló ń fọwọ́ sí ọ̀pọ̀ ìwé táwọn oníṣòwò kéékèèké ń dúró dè, òun ló sì ń bójú tó bí wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́ kọngiráàtì. Ká ní káńsẹ́lọ̀ kan wá bá a pé kó gbé iṣẹ́ fún àbúrò òun. Tó bá jẹ́ pé lọ́jọ́ tóun bá kọ̀ ni òun àti ọmọ òun máa bẹ̀rẹ̀ sí í sùn lébi, ó lè gbà. Tó bá jẹ́ pé ó ní owó oṣù mẹ́fà nílẹ̀ àti ẹgbẹ́ tí kò ní í ta á nù, ó lè sọ pé rárá. Owó yẹn ló ń jẹ́ kí ẹni tí kò ní bàbá ní ìgbìmọ̀ rí kọngiráàtì gbà. Ẹni tí ẹ̀bá ń bẹ nílé rẹ̀ kì í bẹ̀rù ẹni tó ń bu àmàlà.

BÍ ẸGBẸ́ WA ṢE LÈ LÒ Ó

Nílẹ̀ tiwa níbí, kì í ṣe káńsẹ́lọ̀ ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníṣòwò. Iná ń gbà á, omíyalé ń gbà á, onílé ń gbà á, gbèsè náà ń gbà á. Lọ́jọ́ 5 oṣù kìíní ọdún 2020, iná jó ọjà Akẹ́san nílùú Ọ̀yọ́, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà sì jí láàárọ̀ láì ní nǹkan kan lọ́wọ́ mọ́. Ọ̀pọ̀ yín ló wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tàbí tó ń dá àjọ, ìyẹn dára. Àmọ́ owó tí èèyàn ti dá sílẹ̀ ló máa ń kó níbẹ̀. Ẹni tí kò lè dá mọ́, ẹgbẹ́ ti parí fún un nìyẹn.

Ohun tá à ń sọ kò ju kí ẹgbẹ́ fi ìlà díẹ̀ kún òfin rẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ ẹgbẹ́ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bá jóná tàbí tó bá tì í pa kò ní í san owó ẹgbẹ́ fún oṣù mẹ́fà, orúkọ rẹ̀ kò sì ní í kúrò. Kí wọ́n yan àgbà méjì tó ti ṣubú rí tí wọ́n sì dìde, tí yóò lọ bá a nílé láàárín ọ̀sẹ̀ kan, láì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ di ti gbogbo ọjà. Kí ọmọ ẹgbẹ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, bíi télọ̀ nígbà ọdún, kọ́kọ́ pín lára iṣẹ́ náà fún ẹni tó wà nílé kó tó gbé e lọ fún ẹlòmíràn.

Ẹ wá jẹ́ ká fi ìṣirò gbè é lẹ́sẹ̀. Ká ní ọmọ ẹgbẹ́ 40 ni, tí kálukú ń fi ₦500 sílẹ̀ lọ́sẹ̀ fún àpò yìí nìkan. ₦20,000 nìyẹn lọ́sẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ 52, á di ₦1,040,000. Tí ẹgbẹ́ bá ń fún ẹni tó ṣubú ní ₦30,000 lóṣù fún oṣù mẹ́ta, ₦90,000 lẹnì kan máa gbà. Àpò yẹn lè gbé èèyàn 11 ró láàárín ọdún kan, ₦50,000 á sì ṣẹ́ kù. Kí owó náà wà ní báńkì lórúkọ ẹgbẹ́, kí èèyàn mẹ́ta máa fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì máa ka ìṣirò rẹ̀ sétí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Kí wọ́n má sì fi ọwọ́ kàn án nítorí aṣọ ẹgbẹ́ tàbí òkú ṣíṣe. Àpò tìyẹn yàtọ̀.

ẸNI TÍ Ẹ FI SÍ ṢỌ́Ọ̀BÙ YÍN ŃKỌ́?

Ọ̀rọ̀ ìwé àdéhùn tún kan ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba èèyàn síṣẹ́. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà sọ pé kó tó pé oṣù mẹ́ta tí òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí ọ̀gá ti fún un ní ìwé tó sọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe, owó rẹ̀ àti àkókò iṣẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kó máa lọ, tí ìwé àdéhùn kò sì sọ nǹkan mìíràn, ẹ ní láti ta á lólobó ṣáájú. Ẹni tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, ọjọ́ kan. Ẹni tó ti ju oṣù mẹ́ta lọ àmọ́ tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó ti lo ọdún méjì tí kò tíì pé márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù kan.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé òfin yẹn kò ka àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ àkóso mọ́ òṣìṣẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ nípa wọn. Máníjà tó ń bá yín darí ẹ̀ka kejì lè máà sí lábẹ́ rẹ̀. Ohun tó bá wà nínú ìwé tẹ́ ẹ jọ fọwọ́ sí ni yóò dúró láàárín yín. Ẹni tó ń di kọ́kọ́rọ́ ilé owó yín mú, tí kò sì mọ̀ bóyá ẹ̀yin lẹ máa lé òun lọ́la, lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣètò ọ̀la lára owó yín. Ẹ jókòó, ẹ kọ iye oṣù tẹ́ ẹ máa san fún un tí ọ̀rọ̀ yín kò bá wọ̀ mọ́, ẹ kọ ìwà tó lè mú kó má gba nǹkan kan, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí lọ́yà bá yín wò ó.

Àwọn máníjà mẹ́jọ tó pàdé ní 1914 kò lówó tó pọ̀ lọ́wọ́, gbogbo ètò tá a kà sílẹ̀ yìí kò sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọgọ́ta ọdún ló kọjá kí wọ́n tó ní àwọn àgbà tó ń bẹ ọmọ ẹgbẹ́ wò. Ẹgbẹ́ tiyín lè bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹyọ kan ní ìpàdé tó ń bọ̀. Kí akọ̀wé ṣí ìwé ẹgbẹ́, kó ka orúkọ àwọn tí wọn kò tíì rí láti oṣù mẹ́fà, kẹ́ ẹ sì rán ẹnì méjì lọ sílé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kí wọ́n má bá wọn sọ̀rọ̀ gbèsè owó ẹgbẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Kí wọ́n kàn béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.